Abẹ́rẹ́ Lọ́wọ́ Ọmọ Kútọnu

Mo ti kórìíra Ìkòtún kí n tó mọ ọ̀nà tó wọ ibẹ̀ dáadáa, n kò sì ní fi í bò. Àwọn mìíràn tó ṣàtìpó máa ń sọ̀rọ̀ ìlú tí wọ́n gbé bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ìyàwó àárọ̀. Èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlú tó bá gbà mí ni mo lè yìn, Ìkòtún kò sì gbà mí. Ó fi mí sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá fọnná, tí wọn ò fún un níná, tí wọn ò sì sọ fún un pé kó máa lọ.

Ọmọ Kétu ni mí. Kétu tí mò ń wí yìí wà lọ́hùn-ún, ní orílẹ̀-èdè kejì, níbi tí ìjọba ti ń fi èdè Faransé kọ̀wé. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni ìyá mi fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún, Yorùbá náà ló fi ń nà mí. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ka Èkó sí ilẹ̀ òkèèrè. Nígbà tí mo ń fi ilé sílẹ̀, ohun tí mò ń sọ fún ara mi ni pé ọ̀dọ̀ ìbátan ni mò ń lọ.

Ọjọ́ kejì tí mo dé ni ojú mi là. Mo ra búrẹ́dì lọ́wọ́ ìyá kan ní rọ́ńdábáòtù Ìkòtún, mo sì kí i bí a ṣe ń kí àgbà nílé wa. Ó gbójú sókè.

"Ọmọ ibo ni ẹ́?"

"Ọmọ Kétu ni mí, mà."

"Kétu tó wà lọ́nà Ọjọ́ta?"

"Rárá, mà. Kétu ilé Alákétu."

Ó rò ó díẹ̀. "Áà, ọmọ Kútọnu," ló wí, ó sì gbé owó tí mo fún un sókè sí oòrùn, ó ń wò ó bóyá ayédèrú ni. Ọkùnrin méjì ti ra búrẹ́dì kí n tó dé. Kò wo owó tiwọn.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti gba orúkọ mi lọ́wọ́ mi. Kútọnu ni wọ́n ń pè mí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni mo tíì dé Kútọnu láyé mi. Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí ìjọba pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé kẹ́rù wọn kí wọ́n máa lọ sílé. Gbogbo ènìyàn ló ń ṣe bí ẹni pé iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ ọmọ wọn, àpò èmi ló wà. Mo kọ́ láti máa sọ̀rọ̀ díẹ̀. Tí mo bá fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ sí Ìdímù, màá nawọ́, n kò ní sọ ibi tí mò ń lọ títí a ó fi dé ibẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo mọ̀ ni ìtọ́jú aláìsàn. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ ọ ní ọsibítù kékeré kan nílé wa. Ní Ìkòtún, dókítà obìnrin kan tó ní kílíníìkì lẹ́yìn ọjà ló gbà mí. Ó ga, kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní kí n gún òun lábẹ́rẹ́ omi lásán kí òun fi mọ iṣẹ́ mi. Nígbà tí mo gún un tán, ó fọwọ́ pa ibẹ̀.

"Ọwọ́ rẹ dára," ló wí. "Ẹnu rẹ ni wàhálà. Má máa bá aláìsàn sọ̀rọ̀ púpọ̀."

Báyìí ni mo ṣe di odi tó ń gún abẹ́rẹ́. Láàárọ̀, màá tan sítóòfù, màá sì bọ abẹ́rẹ́ àti síríńjì onígíláàsì nínú omi gbígbóná títí ara gbogbo wọn yóò fi mọ́. Lẹ́yìn náà màá máa gún títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn tí mò ń gún kò mọ̀ pé àlejò ni mí, nítorí n kò sọ̀rọ̀. Wọ́n á ní, "Nọ́ọ̀sì, o kú iṣẹ́." Màá mi orí. Inú mi máa ń dùn díẹ̀ nígbà bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń dùn mí lẹ́ẹ̀kan náà.

Yàrá kan ni mo háyà ní Ìdímù, nínú ilé kan tí yàrá mẹ́wàá kọjú síra wọn. Ẹni tó ni ilé náà jẹ́ ọmọ Èkìtì tó ti ṣe hẹ́dìmásítà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bàbá Hẹ́dìmásítà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìyàwó rẹ̀, Màmá Fẹ́mi, ló ń gba owó ilé, òun náà ló sì gbà mí sínú ilé lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ kò sí nílé. Nígbà tí bàbá dé tó gbọ́ ohùn mi, ó dúró sí ọ̀ọ̀dẹ̀.

"Ṣé ìwọ náà ni wọ́n gbàgbé láti lé lọ ni?" ló bi mí.

Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni, mo sì rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

Ohun tó ń ya mí lẹ́nu jù lára bàbá náà ni pé àlejò lòun náà. Àwọn onílẹ̀ Ìdímù kò tíì pè é ní ọmọ ìlú rí, bó ti pẹ́ tó láàárín wọn. Ará òkè ni wọ́n ń pè é. Tí wọ́n bá ń pàdé lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n ń fi í sí. Mo ń rò ó nígbà yẹn pé ẹni tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún yóò mọ̀ bó ṣe ń rí lára. Irọ́ ni. Ẹni tí wọ́n tì sẹ́yìn máa ń wá ẹni tí òun náà yóò tì, kó lè dá a lójú pé òun kọ́ ló kẹ́yìn.

Ní ọdún kejì mi ni ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ dé. Rédíò ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Wọ́n ní ó ti ń pa ènìyàn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, pé ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri, pé ojú ẹni tó bá mú yóò pọ́n bí pupa ẹyin adìẹ, yóò sì máa bi ẹ̀jẹ̀ dúdú. Nígbà tó yá, a rí i ní Ìkòtún fúnra wa. Ọkùnrin kan tó ń ṣe káfíńtà ló kọ́kọ́ kú lọ́wọ́ wa. Ìjọba kó abẹ́rẹ́ àjẹsára wá, wọ́n sì pín in fún àwọn kílíníìkì, tiwa náà sì rí gbà.

Àwọn ọ̀dọ́ tò. Àwọn ìyá kó ọmọ wá. Àwọn àgbà ni kò wá. Dókítà ṣí ìwé tí a ń kọ orúkọ sí, ó ń wo ọjọ́ orí àwọn tó ti gbà á, ó sì pè mí.

"Kò sí ẹni tó lé ní ọgọ́ta ọdún níbí. Tí wọn ò bá wá, gbé e lọ bá wọn."

"Wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ mi, mà."

"Kò sí ẹlòmíràn tí mo lè rán. Máa lọ."

Bí mo ṣe gbé kúlà oníyìnyín kọ́ èjìká nìyẹn, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé, ní Ìkòtún, ní Ìdímù, títí dé Baruwa. Nísinsìnyí ó di dandan kí n sọ̀rọ̀, tí mo bá sì ti lanu báyìí, ọ̀rọ̀ bàjẹ́.

Ní ẹ̀yìn ọjà Ìdímù, mo bá ìyá arúgbó kan, ọmọ onílẹ̀, tó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ṣàlàyé ohun tó gbé mi wá.

"Ibà pọ́njú?" ló wí. "Ibà tí mo ti ń mu àgbo ẹ̀ kí wọ́n tó bí baba ẹ?"

"Èyí yàtọ̀, mà. Èyí ń pa àgbà kíákíá."

"Ta ló rán ẹ?"

"Dókítà ni, mà."

"Kí ló dé tí kò wá fúnra ẹ̀? Ẹni tó ní oògùn gidi kì í gbé e sínú kúlà kiri bí ẹni ń ta áìsìkirímù. Níbo lo ti wá gan-an?"

N kò tíì dáhùn tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fi jáde pẹ̀lú omi tí wọ́n fi fọ aṣọ, tó sì dà á sí mi lẹ́sẹ̀. Kò tilẹ̀ bínú. Ó dà á bí ẹni ń lé adìẹ kúrò nídìí àgbàdo. Ìyá náà ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

Ní Baruwa, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgò oògùn kan ń kárí ènìyàn mẹ́wàá, tí a bá sì ti pò ó, kò gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ. Bàbá kan gbà lọ́wọ́ mi, mo pò ó, mo gún un. Ó ṣèlérí pé òun yóò pe àwọn ẹlẹgbẹ́ òun wá. Mo jókòó lábẹ́ igi máńgòrò wọn, mo ń retí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ náà wá lóòótọ́, wọ́n dúró lókèèrè, wọ́n ń wò mí, ọ̀kan nínú wọn sì bèèrè bóyá mo ní ìwé ìgbélùú. Lẹ́yìn wákàtí kan mo da oògùn ènìyàn mẹ́sàn-án sílẹ̀ lójú wọn. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i. Mo ń gbàdúrà burúkú kan nínú mi bí mo ti ń dà á, n kò sì ní kọ ọ́ síbí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń jáde kò jìnnà sí mi. Inú ilé tí mò ń gbé ni. Bàbá Hẹ́dìmásítà ló dìde lẹ́yìn ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, tó ṣàlàyé fún àwọn àgbà pé ìjọba kò fẹ́ san owó ìfẹ̀yìntì mọ́, pé abẹ́rẹ́ náà ni wọ́n fẹ́ fi dín wọn kù. Ó ní ẹ̀rí wà. "Tó bá jẹ́ ohun rere ni, ṣé ọmọ Kútọnu ni wọ́n á fi rán?" Èmi ni ẹ̀rí náà.

Mo pàdé rẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo ní kí ó jọ̀wọ́ kí ó jẹ́ kí n ṣàlàyé.

"Èmi tí mo kọ́ ọmọ fún ọgbọ̀n ọdún, ìwọ ló fẹ́ kọ́ mi?"

"Kì í ṣe ẹ̀kọ́, sà. Ẹ̀mí yín ni."

"Ẹ̀mí mi ti wà kí o tó fo bọ́dà. Gbé kúlà rẹ kọjá."

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní ọjọ́ Sátidé, mo máa ń lọ sí ilé tẹlifóònù ní Ìkẹjà láti pe àbúrò mi, Lámídì. Ṣọ́ọ̀bù ìyẹ̀fun kan ní Kútọnu ló ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ sì ní tẹlifóònù. Màá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á pe orúkọ mi, màá wọ inú àpótí onígíláàsì. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹnu mi. Mo máa ń parọ́ fún un. Mo máa ń sọ pé àwọn ènìyàn mi níbí dára, pé lánlọ́ọ̀dù mi ń ṣe mí bí ọmọ.

Lóṣù náà, n kò ní agbára irọ́. Mo bi í léèrè bóyá ibà náà ti dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Ó ti dé," ni Lámídì wí. "Wọ́n ti rán nọ́ọ̀sì kan sí Kétu, ọmọbìnrin Fọ̀n kan láti Àgbómẹ̀. Ó ń lọ láti ilé dé ilé."

"Ó ti gún Ìyá?"

"Ìyá tilẹ̀kùn mọ́ ọn."

"Kí ni wọ́n ní ó dé?"

"Wọ́n ní àwọn baba rẹ̀, àwọn ará Dàhòmì, ló jó Kétu láyé ogun àtijọ́, tí wọ́n kó wa lẹ́rú. Wọ́n ní ṣé abẹ́rẹ́ ni ọmọ wọn wá fi parí iṣẹ́ náà."

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nítorí mo ń gbọ́ ohùn ìyá mi nínú ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn náà ni mo rí ọmọbìnrin yẹn lọ́kàn mi, pẹ̀lú kúlà léjìká, níwájú ilẹ̀kùn tí èmi fúnra mi kùn ní àwọ̀ ewé. Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu mi.

"Sọ fún wọn pé èmi ni mo ní kí wọ́n gbà á."

"Mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní tó bá jẹ́ ìwọ ni, wọ́n á nawọ́. Wọ́n ní kí ìwọ wá gún àwọn."

Mo sọ fún un pé màá wá tí oṣù bá parí. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé bí mo bá kọjá bọ́dà láìsí ìwé, ó lè má ṣeé ṣe fún mi láti padà. Mo ń bẹ̀rù kí n má pàdánù ìlú tí mo kórìíra. Ẹni tó bá lè ṣàlàyé ìyẹn, kó wá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Màmá Fẹ́mi wọ kílíníìkì. Ó gbé agbọ̀n ọjà dání, ó sì wọlé gba ẹ̀yìn, ibi tí a ti ń sá aṣọ.

"Mo sọ fún Bàbá pé ata ni mo wá rà," ló wí. "Ṣe kíákíá, ọmọ mi."

"Ẹ̀yin mọ ohun tí Bàbá sọ, mà."

"Mo mọ ohun tó sọ. Èmi náà ní etí, mo sì ní ojú. Mo rí ìyàwó káfíńtà tó kú yẹn. Gún mi jàre."

Ó ká apá aṣọ rẹ̀. Awọ ara rẹ̀ rọ̀, ó ti ń ṣàn wálẹ̀ bíi ti ìyá mi. Mo gún un. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n lára. Ó ra ata lóòótọ́ kó tó padà sílé.

Mo sọ fún un pé ara rẹ̀ lè gbóná díẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó yípo. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó dùbúlẹ̀, orí ń fọ́ ọ, ara rẹ̀ gbóná. Ẹ̀rù bà á, ó sì jẹ́wọ́ fún ọkọ rẹ̀.

Nígbà tí mo dé láti ibi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹrù mi ti wà ní gbangba: bẹ́ẹ̀dì, ìkòkò, aṣọ mi tó tú síta láti inú àpótí. Gbogbo ayálégbé jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Bàbá Hẹ́dìmásítà dúró sí àárín wọn.

"Apààyàn," ló wí. Kò pariwo. "Mo fún ọ nílé, o wọ inú ilé mi, o pa ìyàwó mi."

"Wọn ò ní kú, sà. Ibà yẹn yóò lọ lọ́túnla. Abẹ́rẹ́ náà ló ń ṣiṣẹ́ lára wọn."

"Tí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́ bá ọ ní Ìdímù, màá pe àwọn ìmígíréṣọ̀n. Mo mọ ọ̀fíìsì wọn."

Nínú àwọn ayálégbé yìí, mo ti fi oògùn sí egbò ọmọ àwọn kan, n kò sì gba kọ́bọ̀. Wọ́n ń wo ilẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ ti ìkòkò mi kí ó lè rí ọ̀nà dúró. Nígbà náà ni ilẹ̀kùn yàrá wọn ṣí, Màmá Fẹ́mi sì jáde pẹ̀lú ìró kan tó fi bora, ó di ògiri mú.

"Bàbá Fẹ́mi, òun kọ́ ló wá bá mi. Èmi ni mo lọ bá a. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn lọ, ọwọ́ mi ni mo nà."

"Wọlé lọ."

"Mo ń wọlé. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí gbogbo wọn gbọ́ ọ."

Ó wọlé. Mo kó ẹrù mi, mo sì gbé e lọ sí kílíníìkì, níbi tí Dókítà ti fún mi ní àyè láàárín àpótí oògùn. Ọ̀rọ̀ Màmá Fẹ́mi yẹn nìkan ni ohun tí mo jẹ lérè nínú ilé náà. Mo gbé e lọ́kàn bí ènìyàn ṣe ń gbé oúnjẹ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ibà rẹ̀ lọ ní ọjọ́ kẹta, bí mo ti wí. Kò sí ẹni tó wá sọ fún mi. Lọ́jà ni mo ti rí i tó ń ná iṣu.

Mo sọ fún Dókítà pé mo fẹ́ lọ sílé lọ gún ìyá mi. Ó ní kí n fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan, nítorí aláìsàn ti kún ilẹ̀. Mo fún un. N kò di ẹ̀bi rẹ̀ rù ú. Èmi ni mo ní ẹsẹ̀ tí mo lè fi lọ.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, mo lọ sí ilé tẹlifóònù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọjọ́ mi. Wọ́n pe orúkọ mi, mo wọlé. Lámídì kò kí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti ń wá bí mo ṣe máa rí yín. A sin Ìyá ní Jímọ̀."

Mo di tẹlifóònù mú. Ó ní ibà náà ló mú wọn, pé ojú wọn pọ́n, pé ọjọ́ méje péré ni. Ó ń sọ ọ́ lọ, mo sì ń wo obìnrin kan lẹ́yìn gíláàsì tó ń fi ọwọ́ ṣe àmì sí mi pé kí n yára, àwọn ẹlòmíràn ń dúró. Mo jáde fún un. Mo wọ ọkọ̀ padà sí Ìkòtún, mo sì bọ abẹ́rẹ́ fún ọjọ́ kejì.

Tí ènìyàn rẹ bá kú nílé tí o sì wà ní àjò, kò sí ẹni tó máa wá jókòó tì ọ́. Àwọn tó yí ọ ká kò mọ ẹni tó kú, wọn kò sì mọ ìwọ náà dáadáa. Mo sọ fún Dókítà. Ó ní ó ṣe òun láàánú, ó ní kí n sinmi. Mo ní rárá. Níbo ni màá ti sinmi?

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ ni Bàbá Hẹ́dìmásítà wá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń lu agogo ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, tí àwọn méjèèjì jọ sọ pé àwọn kò ní gbà á, ni ibà náà pa lọ́jọ́ Àìkú. Ìyàwó rẹ̀ sì ń rìn kiri, ara rẹ̀ le. Bàbá wọ aṣọ funfun tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó tó àgbà mẹ́sàn-án tó tẹ̀lé e wọlé, wọ́n sì dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n fẹ́ rí ohun tí yóò ṣe.

"Dókítà ni mo wá rí," ló wí.

"Wọ́n ń gbẹ̀bí lọ́wọ́, sà. Èmi ni mo ń gún abẹ́rẹ́ níbí."

"Màá dúró dè wọ́n. Ọwọ́ rẹ kò ní kàn mí. N kò mọ ibi tí o ti wá, n kò mọ ẹni tó bí ọ."

Mo ti pinnu pé n kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹnu mi ló sọ ọ́.

"Bàbá, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi sọ fún nọ́ọ̀sì kan nílé wa. Ó tilẹ̀kùn mọ́ ọn nítorí ibi tó ti wá. A ti sin ìyá mi."

Mo gbọ́ igbe obìnrin tó ń rọbí lẹ́yìn ògiri. Bàbá Hẹ́dìmásítà jókòó sórí àga, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká apá aṣọ rẹ̀, ó ń wo ògiri.

Abẹ́rẹ́ méjì ló wà nínú àwo níwájú mi. Ẹnu ọ̀kan ti kú nítorí bíbọ̀ lójoojúmọ́, mo ti fẹ́ sọ ọ́ nù láàárọ̀ ọjọ́ náà. Abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í gúnni, ó ń ya ẹran ni. Ìka mi lọ sórí rẹ̀, ó sì dúró níbẹ̀. Mo ń wo apá bàbá náà, mo ń ronú nípa àpótí mi tó tú sílẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Mo rò ó dé ibi tí ọkàn mi fi gbà á.

Mo mú èyí tó mú. Mo gún un, kò gbọn ara. Mo fi òwú tẹ ibẹ̀, mo sì ní kí ó dì í mú.

Kò dìde. Ó ṣì ń wo ògiri nígbà tó bi mí pé, "Kí ni wọ́n ń pe ìyá rẹ?"

Mo mọ ohun tó ń ṣe. Ọ̀nà tí àgbà fi ń tọrọ àforíjì láìtọrọ rẹ̀ ni. Tí mo bá sọ ọ́, yóò sọ pé kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, yóò pe orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ yóò sì fúyẹ́. N kò sọ ọ́.

"Ẹ lè dìde, sà," ni mo wí. "Àwọn ẹlòmíràn ń dúró."

Ó dìde. Àwọn àgbà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń bọ abẹ́rẹ́ náà láàárín wọn, mo sì gún gbogbo wọn. Bàbá náà kò pe ìmígíréṣọ̀n, n kò sì padà sí ilé rẹ̀. Títí mo fi kúrò lágbègbè Ìkòtún, tí a bá pàdé lọ́nà, òun ló máa ń kọ́kọ́ yí ojú.

Nígbà tí àdúà ogójì ọjọ́ ìyá mi pé, mo lọ sí Kétu, n kò ro ti bọ́dà mọ́. Lẹ́yìn tí àwọn àlejò ti túká, mo lọ sí ilé ìwòsàn, mo sì bèèrè ọmọbìnrin Àgbómẹ̀ náà. Ó kéré ju bí mo ṣe rò lọ. Yorùbá rẹ̀ kò dán mọ́rán, ṣùgbọ́n ó ń gbìyànjú. Nígbà tí mo sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́, ó fà sẹ́yìn.

"Ṣé ẹ wá bá mi jà ni?"

"Rárá. Mo wá bi ọ́ ní ohun tó ṣẹlẹ̀."

Ó gbé ìjókòó fún mi. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lòun lọ sílé wa, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ìyá mi lé òun. Ó ní nígbà tí òun gbọ́ pé ibà ti mú wọn, òun tún lọ, kò sì sí ẹni tó lágbára láti tilẹ̀kùn mọ́ òun. Òun ló ń fi aṣọ tútù nu wọ́n lára. Òun ló ń fún wọn lómi títí di ọjọ́ keje.

"Ṣé wọ́n mọ̀ pé ìwọ ni?" mo bi í.

"Wọ́n mọ̀. Ọmọ Dàhòmì ni wọ́n ń pè mí títí wọ́n fi kú." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ṣùgbọ́n tí ẹlòmíràn bá gbé omi náà wá, wọn kì í mu ún."